Orúkọ Bàrígà Kò Ní Kúrò Lára Dónọ́ọ̀tì Wa

Abúlé Òkúta,
Bàrígà, Èkó.

Ìbùkúnolúwa ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ. Tí ọmọ bá já fóònù mọ́ ìyá ẹ̀ létí, ìyá máa ń mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló fà á tàbí ìbínú. O ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ nǹkan tí ẹ ṣe fún mi?" Kí n tó lanu, o ti lọ. Mo wá ra bébà, mo jókòó sẹ́yìn káúńtà nínú ṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́, mo sì ń fún ẹ lésì. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ o: mi ò kọ̀wé yìí láti tọrọ àforíjì. Mi ò fẹ́ kó o máa kà á lọ kó o máa retí ibi tí màá ti kúnlẹ̀.

Ẹnu onílé nìkan lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà, gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi náà. Ọ̀gbẹ́ni Awótúndé, tó ni plásà tuntun tó o fẹ́ gbà ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ n'Ìbàdàn, pè mí nígbà tí mo ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ó kí mi dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn.

"Màmá, ọmọ yín gbọ́n o. Dónọ́ọ̀tì tó gbé wá náà dùn. Gbogbo wa la jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

"Nǹkan kékeré kan ló kù. Orúkọ yẹn."

"Orúkọ wo, sà?"

"Bàrígà." Ó fi ẹ̀rín sí i. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Màmá. Èèyàn ńláńlá ló ń bọ̀ ní plásà mi. Tí wọ́n bá rí Bàrígà lára pátákó, kí ni wọ́n máa rò? Jàgùdà àti jàgídíjàgan. Ọmọ yín ti fẹ́ gbà, ó kàn ní kí òun kọ́kọ́ bi yín. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ fi orúkọ òyìnbó kan tó dùn lẹ́nu síbẹ̀, ó tán."

Mo nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Mo ní, "Sà, nígbà tí ẹ jẹ ẹ́ ní ọ́fíìsì yẹn, ṣé ó bá yín jà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Màmá."

"Ṣé ó já báàgì yín gbà?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ní, "Bàrígà lẹ fi sẹ́nu yẹn, ẹ sì gbé e mì. Orúkọ tí ẹ gbé mì yẹn ló máa wà lára pátákó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín dání."

Ó ní ó dáa, òun ò ní fún wa ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. O lè sọ pé ó yẹ kí n pè ẹ́ kí n tó dá a lóhùn, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n ká ní mo pè ẹ́ pàápàá, èsì kan náà ni ǹ bá fún un.

Ọmọ mi, má rò pé mi ò mọ bí nǹkan yìí ṣe tóbi tó. Láti Abúlé Òkúta la ti gbé Dónọ́ọ̀tì Bàrígà dé Fádèyí, a gbé e dé Ìkẹjà, a gbé e dé Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò l'Ékòó rí. Ìwọ lo sọ pé ó tó àkókò. Ìwọ lo kó lọ sí Ìbàdàn tó o ń sùn ní yàrá kótópó, tó o ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá ilé. O ní tá a bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ n'Ìbàdàn, a máa dé Ọ̀yọ́, a máa dé Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú bàbá rẹ. Lọ́jọ́ tó o sọ ọ́, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún ayọ̀, mo nu ojú mi, mo jáde, mo ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ni mo lọ ṣe. Torí náà, mi ò ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Ohun tí mo ń dáàbò bò ni kó o mọ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi máa gùn. Fara balẹ̀ kà á.

Èkíní: má fi ohunkóhun pamọ́ fún ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ. Ṣe ni kó o ṣílẹ̀kùn kó o ní kó wọlé wá wò ó.

O mọ̀ pé etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, lápá ibi tí àwa Ìlàjẹ pọ̀ sí ní Bàrígà. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án. Èéfín wà nínú irun mi, ó wà lára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Nígbà tí mo kúrò níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní Ṣómólú, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá dónọ́ọ̀tì tèmi dín, ilé ni mo ti ń dín in, màá wá kó o sínú àpótí onígíláàsì, màá gbé e lọ sí ibùdókọ̀ Fádèyí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó múra bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba mú ọ̀kan, ó gbé e sí imú.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Bàrígà, mà."

"Abájọ. Ẹja ló ń rùn."

Ó jù ú padà sínú àpótí. Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́, wọ́n yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe gbé e kúrò nílé lọ́jọ́ náà ni mo ṣe gbé e padà. Ìyá mi wà nídìí ààrò, ó wo ojú mi, ó wo àpótí, ó mú dónọ́ọ̀tì kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀.

Ó ní, "Ọma mi, kò sí ẹja níbí. Ojú ló fi gbóòórùn ẹja yẹn, kì í ṣe imú."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi bí ẹ̀mú. Lọ́jọ́ kejì, mi ò dín nǹkan kan nílé. Mo gbé sítóófù, mo gbé agbada, mo gbé ìyẹ̀fun tí mo ti pò, ó di Fádèyí. Mo bẹ baba kan tó ń tún táyà ṣe pé kó jẹ́ kí n dúró lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ dáná síbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, kí gbogbo ayé rí i." Ojú wọn ni mo ti ṣí gálọ́ọ̀nù epo tuntun. Ojú wọn ni mo ti rẹ́ ìyẹ̀fun, tí mo ti lu ihò sí i láàárín, tí mo jù ú sínú epo. Mo pariwo, "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá fimú sí i! Ẹni tó bá gbóòórùn ẹja, kó jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́!" Òórùn bọ́tà àti nọ́tìmẹ́ẹ̀gì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Kó tó di ọ̀sán, mo ti tà á tán.

Obìnrin yẹn náà padà wá nígbà tó yá. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì bi í léèrè. Ó rà á, ó jẹ ẹ́, ó lọ. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa fi ní gíláàsì láàárín ibi tá a ti ń dín in àti ibi tí kọ́sítọ́mà ń dúró sí. Àwọn ayàwòrán-ilé ti sọ fún mi títí pé kí n gbé ibi ìdáná sẹ́yìn. Mi ò gbé e. Ìwọ náà ò ní gbé e n'Ìbàdàn.

Èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ le, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo rí dónọ́ọ̀tì àwọn olówó ní erékùṣù, èyí tí wọ́n fi ṣúgà aláwọ̀ kùn lórí, pupa, búlúù, yẹ́lò. Ojú mi wọ̀ ọ́. Mo lọ po ṣúgà, mo da àwọ̀ sí i, mo fi kun gbogbo dónọ́ọ̀tì mi pátá, mo gbé e síta nínú oòrùn. Kí n tó pajú dé, ṣúgà ti yọ́, ó ń kán sílẹ̀ bí omi ojú. Oyin wá láti ibi tí mi ò mọ̀, ó bo àpótí. Kọ́sítọ́mà ń sá, èmi náà ń sá. Bàbá rẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú, ó bá mi níbi tí mo dúró sí lókèèrè tí mo ń wo ọjà ara mi.

Ó ní, "Ìyá Ìbùkún, ta ló kun dónọ́ọ̀tì rẹ ní àtíkè?"

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbé mi. Ó wá ní, "Àwọn tó ń ra tiwọn ń ra tiwọn. Àwọn tó ń ra tìrẹ, tìrẹ ni wọ́n wá rà." Mi ò kùn ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ mi, tó o bá lọ jókòó sí plásà yẹn pẹ̀lú orúkọ òyìnbó, o ti kun ara rẹ ní ṣúgà nìyẹn. Oòrùn ò ní pẹ́ ràn.

Ó kan ọ̀rọ̀ orúkọ fúnra rẹ̀. O rò pé èmi ni mo sọ ọ́? Èmi kọ́. Àwọn èrò Fádèyí ló sọ ọ́. Oríṣiríṣi èèyàn ló ń ta nǹkan níbẹ̀, wọ́n á máa wá mi kiri, wọ́n á ní, "Oní-dónọ́ọ̀tì Bàrígà yẹn dà?" Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ tẹ páálí àkọ́kọ́ fún mi láti máa kó dónọ́ọ̀tì sí, ó bi mí pé kí ni kí òun kọ sí i lára. Ọ̀gá rẹ̀ nílé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní kó kọ orúkọ tó ní "Royal" nínú. Ọ̀gá náà ní, "Ta ló máa ra nǹkan jíjẹ tí wọ́n kọ Bàrígà sí lára?" Bàbá rẹ, tó jẹ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tí wọn ò bí ní Bàrígà, tí kò sì jẹ ìlú náà ní gbèsè kankan, dá a lóhùn pé, "Àwọn tó ti ń rà á ni, sà." Ó tẹ̀ ẹ́ ní pupa, lẹ́tà gàdàgbà. Ó gbé àkọ́kọ́ wálé, ó nà án sí mi bí ẹni na ọmọ tuntun sí ìyá rẹ̀.

Bàbá rẹ ti lọ, Ìbùkún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn, bó ṣe tò ó, bó ṣe máa ń tẹ B-À-R-Í-G-À mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ káàrọ̀, Ìyáàfin Bàrígà," ó ṣì wà lára gbogbo páálí tá a bá gbé jáde. Ṣé o fẹ́ kí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo nù ún kúrò? Ká má rí i!

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò jọ sọ rí. O wà ní iléèwé girama nígbà náà. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kan, o dé ilé, o tutù rìnrìn, ìwé rẹ ti di ẹ̀kọ. Mo ní ṣebí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ló máa ń fi mọ́tò gbé yín. O wá ní, "Gbàgádà ni wọ́n ti já mi sílẹ̀." Mo ní kí lo lọ ṣe ní Gbàgádà? O bú sẹ́kún. O ní, "Mo sọ fún wọn pé ibẹ̀ là ń gbé, Mọ́mì. Tí wọ́n bá gbọ́ Bàrígà, wọ́n á máa sá fún mi." Gbogbo ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti já ẹ sílẹ̀ níwájú ilé onílé, wàá dúró, wàá juwọ́ sí wọn, tí wọ́n bá ti lọ tán, wàá wá máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé.

Mi ò bá ẹ wí. Mo nu irun rẹ, mo fún ẹ ní tíì gbígbóná, mo sì lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé kó o má baà rí ojú mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ náà tí mi ò lè sọ, torí pé ọmọdé ni ẹ́, ni mò ń sọ báyìí: ọ̀nà tó wà láàárín ibi téèyàn pè ní ilé àti ibi tí ilé rẹ̀ wà gan-an, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn ín, inú òjò ni, kò sì sí ẹni tó máa bá a rìn. Mi ò fẹ́ kó o rìn ín mọ́. O ti dàgbà jù ú lọ.

Má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kó o lọ máa ṣe bí ará Èkó tó mọ gbogbo nǹkan. Ibi gbogbo là ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ. Tí àwọn ará Ìbàdàn bá ní ṣúgà rẹ ti pọ̀ jù, dín in kù. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ẹ ní gbígbóná ní àárọ̀, tètè jí. Kí wọn kí wọ́n tó kí ẹ. Àwọn obìnrin tó bá ń dín àkàrà tàbí pọ́fùpọ́fù nítòsí ibi tó o bá wà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé wọn nítorí rẹ. Rà lọ́wọ́ wọn, kó o sì fún wọn ní tìẹ tọ́ wò. Èèyàn lè yí ṣúgà padà, èèyàn lè yí aago tó fi ń ṣílẹ̀kùn padà. Èèyàn kì í yí ìyá tó bí i padà nítorí àlejò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, Màmá Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀ lójú títì, níwájú ilé wọn, ti ṣófo. Wọ́n ní, "Ọmọ àbúrò mi ló fẹ́ lò ó, kí ni mo tún fẹ́ máa gbọ́? Kó wá wò ó." Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣùgbọ́n iléèwé wà lódìkejì, ọkọ̀ sì ń dúró níwájú rẹ̀, bí Fádèyí gẹ́lẹ́. Tí kò bá wù ẹ́, wá ibòmíì. Mi ò fi dandan mú ẹ.

Ibi tó le nìyí, má fò ó kọjá. Tó o bá ka gbogbo èyí tán, tí ọkàn rẹ ṣì wà ní plásà yẹn, àgbà ni ẹ́. Lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Awótúndé, yóò gbà ẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ti ara rẹ lo máa ṣí, kì í ṣe tiwa. Fi orúkọ tó wù ẹ́ sí i, wá bí wàá ṣe máa po ìyẹ̀fun tìẹ, má fi tèmi pò ó. Màá wá síbi ìṣílé rẹ, màá gbàdúrà, màá jẹ ẹ́, màá ní ó dùn. Ọmọ mi lo máa jẹ́ títí ayé. Àmọ́ mi ò ní dúró lábẹ́ pátákó tó sẹ́ mi, kí n máa rẹ́rìn-ín kí wọ́n yà mí ní fọ́tò. Èmi ò ṣe é.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá tí mo fi lọ sùn. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe fẹ́ pa ìwé náà dé, ìpè rẹ wọlé. O ò kí mi dáadáa, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

O ní, "Màmá Mọ́kọ́lá pè mí. Mo ti lọ wo ṣọ́ọ̀bù wọn."

Mo ní, "Ẹn-ẹn?"

"Òrùlé rẹ̀ ń jò."

"A máa pààrọ̀ rẹ̀."

"Ògiri rẹ̀ ò dáa, Mọ́mì."

"A máa kùn ún."

Mo rò pé wàá tún já fóònù mọ́ mi létí. Lẹ́yìn náà o ní, "Àwọn ọmọ iléèwé ń jáde nígbà tí mo dúró síbẹ̀. Wọ́n pọ̀ o. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ máa tà."

"Kí lo sọ fún wọn?"

O ní, "Mo ní Dónọ́ọ̀tì Bàrígà." Ohùn rẹ ṣì le sí mi bí o ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n o sọ ọ́. Èmi náà ò jẹ́ kó o gbọ́ bí mo ṣe mí kanlẹ̀. O wá bi mí bí ẹni pé ó kàn ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu rẹ ni: "Ta ló máa dín àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tá a bá ṣí?"

Mo ní, "Ìwọ ni. Èmi á dúró síta lójú títì, màá máa pe èrò."

Mo rò ó pé kí n fa ìwé yìí ya nígbà tá a ti sọ̀rọ̀. Mi ò fà á ya. Ọ̀gbẹ́ni Awótúndé kọ́ ló máa kẹ́yìn wọn. Lọ́jọ́ tí òmíràn bá tún rẹ́rìn-ín sí orúkọ wa níwájú rẹ, tí mi ò sì sí nítòsí láti bá ẹ dá a lóhùn, kà á, kó o wá dá a lóhùn fúnra rẹ.

Kí Ọlọ́run tó mú bàbá mi la ọ̀sà já nínú ìjì mú ẹ la ìlú náà já, kó sì fi ẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mojísọ́lá, ọmọ apẹja, aya atẹ̀wé,
ará Bàrígà.